Lẹ́tà Àwọn Ìyá Mẹ́ta

Ara ìwé tí wọ́n fi ń pọ́n àkàrà ni Salamatou ti kọ́ ìwé kíkà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, ní Bantè. Ìyá Yacoubou tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ilé-ìwé wọn máa ń ra ìwé àtijọ́ ní òkìtì òkìtì: ìwé ìṣirò, ìwé ìròyìn, ìwé òfin ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò kà rí. Lọ́dún kan, ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ilé-ìwé ló pọ̀ jù nínú ohun tó rà. Inú rẹ̀ ni ìtàn onáwòrán kan wà, irú èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní bédé. Soulé Akólẹ́tà ni orúkọ ẹni tí ìtàn náà dá lé. Imú Soulé gùn, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní búréèkì, ó sì ń kó lẹ́tà lọ sí àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í dé. Bí ẹni tó ni lẹ́tà kò bá mọ̀wé, Soulé á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á kà á fún un.

Tí Salamatou bá jẹ àkàrà rẹ̀ tán, á fi eérú nu epo kúrò lára ìwé, á sá a sóòrùn, á wá máa fi ìka tọ àwọn ọ̀rọ̀ Faransé inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí olùkọ́ fi pàṣán kọ́ ọ tí kò wọlé, Soulé fi kẹ̀kẹ́ gbé e wọlé fún un.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú-ìwé àkàrà kì í tẹ̀léra. Ẹni tó bá rí ojú-ìwé kẹrin lónìí lè má rí ìkejì títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìtàn kan wà tí Salamatou rí gbogbo rẹ̀ àfi ìparí. Soulé ń gbé lẹ́tà lọ fún ìyá arúgbó kan ní òdìkejì odò. Òjò pa á lọ́nà, omi wọ inú àpò, ó sì fọ orúkọ tó wà lára lẹ́tà náà dànù. Nígbà tó dé abúlé, ó bá ìyá arúgbó mẹ́ta níwájú ilé kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní, “Èmi ni mo ni ín.” Nísàlẹ̀ ojú-ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé ìyókù di oṣù tó ń bọ̀.

Salamatou ra àkàrà títí inú fi ń run ún. Ojú-ìwé yẹn kò wá.

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì ní Bantè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Chitou ọkọ rẹ̀ ti ń tún alùpùpù ṣe. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù ọyẹ́, tíṣà Hakim mú ṣòkòtò rẹ̀ wá kí ó bá òun tú ìbàdí rẹ̀ fẹ̀. Tíṣà yìí ní àṣà kan tí àwọn ará àdúgbò fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: ibikíbi tí àwọn ayàwòrán bédé bá ti pé jọ, á gbé ìwé kan tó ní èèpo líle lọ, á máa tò lórí ìlà kí wọ́n lè ya nǹkan sínú rẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń kó àwòrán jọ sínú ìwé náà. Bí ó ti ń dúró de ṣòkòtò, ó ń wo fóònù rẹ̀, ó ní àwọn ayàwòrán ń bọ̀ wá ṣe àjọ̀dún ọlọ́jọ́ méjì ní Savalou, ó sì ń ka orúkọ wọn jáde. Nígbà tó dé orí orúkọ kẹrin, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Salamatou.

“Ẹ tún èyí kà, tíṣà.”

“Zacharie, ẹni tó ya Soulé Akólẹ́tà.”

“Ṣé ẹni yẹn ṣì wà láyé?”

“Ó wà láyé o. Ọmọ Pira tiẹ̀ ni, àmọ́ Cotonou ló ń gbé. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni?”

Salamatou ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Nígbà tó rí i, ó ní, “Tíṣà, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Kí ni ènìyàn máa ń mú lọ?”

Inú tíṣà dùn gan-an pé ẹnìkan bi òun léèrè láìrẹ́rìn-ín. “Ẹ mú ìwé tí kò nílà lọ. Ẹ tò. Tó bá kàn yín, ẹ sọ orúkọ yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́. Àwòrán kan ni fún ẹnì kan. Ẹ má ní kó ya ti ọmọ, ti ọkọ, ti àna.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Salamatou fi ìbòrí wé orí wé imú nítorí eruku ọyẹ́, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó kọjú sí Savalou. Ilé Basirath àbúrò rẹ̀, tí ọmọ Mahi kan fẹ́ síbẹ̀, ni yóò sùn mọ́jú. Basirath sì tẹ̀ lé e lọ síbi àjọ̀dún náà, ó ní òun fẹ́ rí irú ọkùnrin tó lè mú ẹ̀gbọ́n òun ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé.

Gbọ̀ngàn ńlá kan ni wọ́n to tábìlì sí yíká. Ayàwòrán kan jókòó nídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ìlà ènìyàn sì wà níwájú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù. Ohun tó ya Salamatou lẹ́nu ni bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. Ó ti rò pé ariwo ni òun máa bá. Àwọn tó wà lórí ìlà kàn ń na ọrùn wo ọwọ́ ẹni tó ń yàwòrán ni, bí ẹni ń wo omi tó ń hó lórí iná. Ọwọ́ ni òun náà ń wò, nítorí aránṣọ ni. Ó rí ọkùnrin kan tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fa irun obìnrin kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìgbé ọwọ́. Ó rí ọmọge kan tó ń fi rọ́bà pa ohun tó ti yà rẹ́, tó tún ń yà á, tó tún ń pa á rẹ́, ẹni tó ń dúró dè é kò sì bínú.

Ìlà ti Bàbá Zacharie ló gùn jù. Bàbá náà ga, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń yàwòrán. Obìnrin kan tó tó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n jókòó tì í, òun ló ń yà á, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tó bá ti yà á tán, bàbá á fi ọwọ́ òsì mú òǹtẹ̀ kan tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àwòrán. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò kúrò lábẹ́ tábìlì rárá.

“Ọmọ rẹ̀ nìyẹn,” ni ẹnìkan sọ lẹ́yìn wọn. “Àdìkẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́.”

Wọ́n fi nǹkan bíi wákàtí méjì dúró kí ó tó kàn wọ́n.

“Kí ni orúkọ yín, ìyá?”

“Salamatou ni, bàbá. Bantè ni mo ti wá.”

“Bantè! Ẹ kú ọ̀nà o. Ará ilé mi ni yín, Pira ni wọ́n bí mi sí. Kí ni kí á yà fún yín? Ṣé Soulé lórí kẹ̀kẹ́?”

“Rárá, bàbá. Ojú-ìwé kan ni mo fẹ́.” Salamatou wá sọ fún un nípa àkàrà, nípa lẹ́tà tí òjò fọ orúkọ rẹ̀ dànù, nípa àwọn ìyá arúgbó mẹ́ta. “Láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bi ara mi pé ta ló ni lẹ́tà yẹn. Ibi tó parí sí ni kí ẹ yà fún mi.”

Ẹ̀rín tó wà lójú bàbá rọra lọ. Ó wo ọmọ rẹ̀. Àdìkẹ́ sì tètè gba ọ̀rọ̀ náà. “Tantí, àwọn ènìyàn pọ̀ lẹ́yìn yín. Mo lè ya Soulé àti àwọn ìyá mẹ́ta náà fún yín, ṣé ẹ gbọ́?” Kò dúró de ìdáhùn. Ó fa ìwé Salamatou sọ́dọ̀, kò sì pẹ́ tó fi yà wọ́n tán, kẹ̀kẹ́ àti àpò àti ọwọ́ mẹ́ta tó nà síta. Ó dára, kò ṣeé já ní koóro. Bàbá Zacharie gbé òǹtẹ̀.

“Ẹ dúró ná, bàbá,” ni Salamatou wí. “Ẹ má bínú. Iṣẹ́ yìí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ yín. Mo mọ bí ẹ ṣe ń fa imú Soulé. Ẹ fi ọwọ́ ara yín fa ìlà kan fún mi. Ẹyọ kan náà tó mi.”

Basirath fà á láṣọ. Àmọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn ti gbọ́. “Òótọ́ ni,” ni ẹnìkan wí. “Bàbá, ẹ yà á fún wọn!” Àwọn mìíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga sókè, mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́wàá.

Àdìkẹ́ ní, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká…” ṣùgbọ́n bàbá ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí tábìlì. Ó mú pẹ́ńsùlù. Gbogbo ènìyàn ló rí i: ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ó gbé e sórí ìwé, ìlà tó jáde wọ́ síhìn-ín wọ́ sọ́hùn-ún bí ipa èèrà. Ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, ó tún gbìyànjú. Pẹ́ńsùlù jábọ́, ó yí lọ sí etí tábìlì, ó bọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ó sì fi Faransé sọ pé iṣẹ́ bàbá ti parí.

Bàbá Zacharie dìde. “Ẹ forí jì mí,” ni ó wí. “Ó rẹ̀ mí díẹ̀.” Ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Àdìkẹ́ pa ìwé Salamatou dé, ó tì í padà sí i. “Ṣé ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí, tantí?”

Ilé Basirath ni wọ́n padà sí ní ọ̀sán yẹn. Wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bẹ iṣu.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá ara yín lẹ́bi mọ́,” ni Basirath wí. “Ẹ kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kò ṣẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Kí lẹ mọ̀?”

“Mo rí òǹtẹ̀. Mo rí ọwọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì. Wákàtí méjì ni mo fi ń wò ó, Basirath. Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà tí bàbá yẹn ń fi pamọ́. Ohun tí mo fẹ́ ló ká mi lára ju tirẹ̀ lọ.” Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀. “Tí oníbàárà bá fi gèlè bo ojú àpá ní ọrùn rẹ̀, èmi kì í ní kó ṣí i kí n tó wọ̀n ọ́n. Mo mọ ìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù mi.”

Basirath fi omi ṣan iṣu. Nígbà tó yá, ó ní, “Ṣùgbọ́n kí ló wà nínú ojú-ìwé kan ṣoṣo? Ẹ ti dàgbà.”

“Ṣé o rántí màmá wa àti ilé lẹ́tà?”

Basirath rántí. Abdel-Aziz, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, ló lọ sí Libreville. Lẹ́tà méjì ló kọ lọ́dún tó kọ́kọ́ lọ, kò sì kọ mọ́. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀, màmá wọn á wọ bàtà tí kì í wọ̀ lọ sóko, á lọ sí ilé lẹ́tà, á béèrè, á sì padà wá gún iyán bí ẹni tí kò lọ síbì kan. Ó ṣe é títí ó fi kú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín ni Abdel-Aziz tó tẹ̀ wọ́n láago.

“Ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé lẹ́tà náà ni mo rí ìtàn yẹn,” ni Salamatou wí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn, ó ti wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé ìwé rẹ̀ lé itan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó rí Bàbá Zacharie àti Àdìkẹ́ tí wọ́n ń ti ìsìn àárọ̀ bọ̀, àwọn méjèèjì wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ wọn lásán, eruku ọyẹ́ sì ti bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀.

Àdìkẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. “Ẹ tún dé?”

Salamatou ti kúnlẹ̀. “Bàbá, mo wá tọrọ àforíjì ni. Mi ò wá tọrọ àwòrán. Ohun tí mo ṣe lánàá kò dára, mo sì mọ̀ bí mo ṣe ń ṣe é.”

Bàbá fi ọwọ́ òsì kàn án léjìká. “Dìde, ọmọ mi. Simẹ́ńtì yẹn tutù.” Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn náà fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó jẹ́ kí ó máa gbọ̀n lójú gbogbo wọn. “Ọdún kẹta nìyí. Dókítà ti sọ orúkọ àìsàn náà fún mi. Oògùn ń dín in kù, kò lè mú un lọ. Èmi ni mo ní kí Àdìkẹ́ máa yà á, kí n máa tẹ òǹtẹ̀. Òun kò fẹ́ ẹ. Ó ní ká sọ fún àwọn ènìyàn. Mo ní rárá, nítorí èmi ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wá, tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní pè mí mọ́. Lánàá, mo rò pé ìtìjú yẹn máa pa mí. Nígbà tí mo dé ilé tí a sùn, mo rí i pé ebi ń pa mí. Mo jẹun. Mo sùn dáadáa. Ó pẹ́ tí mo ti sùn báyẹn.”

Bàbá tún ní, “Ṣùgbọ́n gbèsè ojú-ìwé yẹn wà lọ́rùn mi. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Kò sí.”

“Kí ni kò sí, bàbá?”

“Ojú-ìwé yẹn. Oṣù tí mo kọ ọ́ pé ìyókù ń bọ̀, oṣù yẹn ni ìwé ìròyìn náà dẹnu kọlẹ̀. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Èmi ò sì yà á.”

Salamatou ya ẹnu. “Gbogbo àkàrà tí mo jẹ yẹn!”

Bàbá Zacharie bú sẹ́rìn-ín. Salamatou náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Àdìkẹ́ tó ti fajú ro láti ìgbà tó dé, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí i, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń mì.

“Ta ló wá ni lẹ́tà náà?” ni Salamatou béèrè nígbà tó lè sọ̀rọ̀.

“N kò mọ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo kọ́kọ́ rí, mo ní kí oṣù tó pé n óò ti rí ìdáhùn. Ìwọ tó ti ń rò ó láti ìgbà yẹn, kí ni o rí?”

Ojú ti Salamatou díẹ̀. Ó na ìwé rẹ̀ lórí itan. “Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé Soulé máa kà á jáde fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ sunkún ló ni ín. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo rí màmá mi tó ṣì ń dúró de lẹ́tà, mo mọ̀ pé ìyẹn kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ka lẹ́tà fún lára wọn á sunkún. Tí wọ́n bá ka lẹ́tà ọmọ ẹlòmíràn fún màmá mi, pé ara mi le, mo ń jẹun, ẹ má ronú, ó máa gbà á. Ó máa mọ̀ pé kì í ṣe tòun, ó ṣì máa gbà á. Mo rò pé òun náà ló dé bá àwọn mẹ́ta yẹn. Soulé kà á, kò sì sí ẹni tó tún béèrè pé ta ló ni ín.”

Bàbá na ọwọ́ sí Àdìkẹ́ láìwò ó, ó ní, “Pẹ́ńsùlù.”

“Bàbá mi.”

“Mú un wá.”

Salamatou ṣí ojú-ìwé tuntun, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìwé náà mú fún un. Ìlà àkọ́kọ́ bàjẹ́. Èkejì náà bàjẹ́. Salamatou kò lè mú un mọ́ra. “Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin ń fi ọrùn ọwọ́ fà á. Tí oorun bá ń kùn mí, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kì í fi ọrùn ọwọ́ fa ṣọ́ọ̀kì lórí aṣọ. Èjìká ni mo fi ń fà á. Ẹ gbé gbogbo apá.” Ó dìde, ó ṣe é fún un nínú afẹ́fẹ́, bí ìgbà tó fẹ́ gé agbádá.

“Ohun tí ọ̀gá mi fi nà mí lọ́pàá nìyẹn,” ni bàbá wí. “Mo ti gbàgbé.”

Ó gbé gbogbo apá. Ọwọ́ náà ṣì ń gbọ̀n, àmọ́ ìlà gígùn ń lọ síbi tó rán an. Kò lè ya imú. Kò lè ya ojú. Ohun tó yà ni orí mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ síwájú papọ̀, gèlè mẹ́ta, ẹ̀yìn mẹ́ta, àti fìlà ẹnìkan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin wọn. Ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn hàn nínú gbogbo rẹ̀. Níbi tí aṣọ ti ká jọ léjìká àwọn ìyá náà, ìlà ń gbọ̀n bí aṣọ tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Salamatou ti rán aṣọ fún àwọn àgbà obìnrin láti ogún ọdún. Ó mọ bí aṣọ ṣe ń rí lára wọn.

Ó gbà á ní ìdajì wákàtí. Òógùn bò ó níwájú orí nínú ọyẹ́. Nígbà tó parí, ó gbé ìwé náà jìnnà, ó wò ó, ó tún fà á mọ́ra.

“Salamatou,” ni ó wí, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó pe orúkọ rẹ̀. “Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ṣé o lè fi èyí sílẹ̀ fún mi?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Kò fẹ́ parọ́ fún ara rẹ̀: ó dùn ún gan-an. Ó ti ń fọkàn rí i lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wo ojú bàbá, ó sì rí i pé bí òun bá ní rárá, bàbá á fún òun láìbínú, torí ìwé òun ni. Ó fa sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń gé òwú jáde nínú àpò, ó sì gé ojú-ìwé náà ní títọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Ẹ gbà, bàbá.”

Àdìkẹ́ tó dúró lẹ́yìn wọn kúnlẹ̀, ó fi etí sùtánà rẹ̀ nu ọwọ́ bàbá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, ìlà ti Bàbá Zacharie kúrú ju ti àná lọ. Tíṣà Hakim wà lórí ìlà náà, ó ti fi fìlà dí ojú, ojú ń tì í torí òun ló júwe ibẹ̀ fún Salamatou. Ó ní wọ́n ti ń pín fídíò àná kiri láti òru. Bàbá kò jókòó. Ó dúró níwájú tábìlì, ó sì gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

“Ẹ ti rí i lórí fóònù, ẹ wò ó dáadáa báyìí. Láti ọdún mẹ́ta, èmi kọ́ ló ń ya Soulé. Ẹni tó ń yà á nìyí. Orúkọ rẹ̀ ni Àdìkẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ mi lásán lè máa lọ, n kò ní bínú. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán, kó dúró.”

Àwọn mélòó kan lọ. Ọkùnrin kan tiẹ̀ kùn pé wọ́n ti tan òun jẹ lọ́dún tó kọjá, bàbá sì gbà pé òótọ́ ni, ó bẹ̀ ẹ́. Àwọn tó kù súnmọ́ tábìlì.

Salamatou ló dúró ṣíwájú. Ó ṣí ìwé rẹ̀ síbi àwòrán àná, èyí tí wọn kò tẹ òǹtẹ̀ sí. Ó gbé e síwájú Àdìkẹ́.

“Lánàá, mo sọ lójú ayé pé kì í ṣe ọwọ́ bàbá. Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ n kò wo ọwọ́ ẹni tó jẹ́. Mo ti wò ó báyìí. Jọ̀ọ́, fọwọ́ sí i fún mi.”

Àdìkẹ́ mú òǹtẹ̀ bó ti mọ́ wọn lára.

“Rárá,” ni Salamatou wí. “Orúkọ tìrẹ.”

Àdìkẹ́ fi òǹtẹ̀ sílẹ̀. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó sì dúró lórí ìwé náà pẹ́ díẹ̀, òun tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí ẹ̀rọ. Ó rẹ́rìn-ín. “Tantí, ẹ má bínú. N kò tíì yan bí màá ṣe máa kọ ọ́.”

“Kọ ọ́ bó bá ṣe wá.”

Ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ tóbi, ó gba orí táyà kẹ̀kẹ́ Soulé kọjá. Ẹni tó wà lẹ́yìn ti ń na ìwé tirẹ̀ síwájú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Salamatou dé Bantè, eruku bò ó láti ìbòrí dé bàtà. Chitou ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó ń dúró dè é níwájú ilé. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i, ó wo Soulé àti àwọn ìyá mẹ́ta, ó ní ó dára. Ó wá fi ìka tọ ibi tí wọ́n ti gé ojú-ìwé kúrò.

“Ta ló gé ìwé rẹ?”

“Èmi ni.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

Salamatou tú ìbòrí rẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù. Ó fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀. “Bu omi fún mi ná,” ni ó wí, “ọ̀rọ̀ náà gùn.”